Páálí Tí Mo Kọ "Aṣọ Àlòkù" Sí Lára

Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ tí ọkàn yín yóò fi balẹ̀, ẹ má ṣe irú èyí tí mo ṣe. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa wá kan ilẹ̀kùn mi ní Nunhead lọ́jọ́ iwájú pé Aunty Fúnmi ló ti òun sí i. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń di ẹrù ẹlẹ́rù ní Peckham, tí à ń fi í ránṣẹ́ sílé, n kò sì lè ka iye ìgbà tí mo lálàá pé páálí kan já sínú omi lójú mi. Ojo ni mí láti kékeré. Ìyá mi a máa sọ pé bí ewé gbígbẹ bá bọ́ lágbàlá, èmi ni n ó kọ́kọ́ sá wọlé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kágò, iṣẹ́ ojo ni. Ẹni tí kì í bẹ̀rù tó bá wọ inú rẹ̀, ẹrù ẹlẹ́rù ni yóò fi kọ́gbọ́n.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Ilé ìwé kan ni mo ń gbá nígbà náà, ẹ̀yìn ń dùn mí, mo ń wá iṣẹ́ tí n ó máa jókòó ṣe. Wọ́n júwe ṣọ́ọ̀bù Àlàájà fún mi, ní òpópónà kékeré kan tó yà kúrò ní Rye Lane, láàárín ẹni tó ń ta irun àti ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Owó tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ó tó jẹun. Ìjókòó tí mo wá lọ ni n kò rí.

Àlàájà kúrú, ara rẹ̀ sì le. Ará Ìkirè ni. Awò ojú rẹ̀ máa ń fi okùn rọ̀ sí i lọ́rùn, kò sì sí ìgbà tí kì í wá a. Oṣù mẹ́rin gbáko ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan téèpù. Iṣẹ́ mi ni kí n tú ohun tí oníbàárà ti dì wá láti ilé, kí n sì tún un dì. Bí mo bá parí, yóò gbé páálí náà sétí, yóò mì ín bí ẹni tó ń dán àgbọn wò lọ́jà.

"Fúnmi, kí ló ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, Mà."

"Mo gbọ́ ọ. Tú u."

Ọjọ́ kan wà tó mú mi tú páálí kan ṣoṣo nígbà méje. Ẹni tó ni ín dúró tì wá, ó ń wo aago, ó ní shift òun ti bẹ̀rẹ̀ ní Lewisham, ó ń bẹ Àlàájà kí ó jọ̀ọ́. Àlàájà kò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ìgbà keje ni mo rí i pé ìdérí ìkòkò kan ló ń yí. Mo ki aṣọ ìnura sí i, ó mì ín, ó dákẹ́. Ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ohun tó bá ń sọ̀rọ̀ ní Peckham, ó ti fọ́ kó tó dé Lagos." Mo lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún díẹ̀, mo padà wá di òmíràn. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ibi tí mo ti kọ́ ọgbọ́n jù ni ọ̀nà tó gbà ń yan àwọn tí yóò bá wa gbé ẹrù. Nítorí ẹ jẹ́ kó yé yín pé àwa kò ní ọkọ̀ òfuurufú. Àwa ń gba ẹrù, a ń dì í, a ń fà á lé ilé-iṣẹ́ akẹ́rù lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ṣe é báṣubàṣu, àwa ni oníbàárà mọ̀. Àlàájà kì í bá wọn sọ pé òun ń bọ̀. Yóò kàn yọ sí wọn ní ilé ìkẹ́rùsí wọn. Kì í wo ọ́fíìsì, kì í wo kóòtù tí ọ̀gá wọ̀. Páálí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí àwọn yòókù gùn lé lórí, ni yóò bẹ̀rẹ̀ wò. Bí ìyẹn bá ti wó, "Ẹ ṣé o, a ń lọ," ó parí. Bí kò bá wó, yóò bi wọ́n léèrè pé ta ló ń gba ẹrù fún wọn ní Lagos, ṣé òṣìṣẹ́ wọn ni àbí ẹni tí wọ́n ń gbé e fún, yóò sì tẹ ẹni náà láago lójú wọn. Ìwé ìdójútòfò, èyí tí gbogbo Peckham ń pè ní insurance, ẹ̀yìn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó ní iwájú ìwé, ìpolówó ni. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ ohun tí wọn kò ní san owó lé lórí sí.

Òfin rẹ̀ kan tún wà tí kò gba àwáwí: ohun tó bá wà nínú páálí ni kí o kọ sára rẹ̀. Ẹ ó ní kí ló le nínú ìyẹn. Ó le o. Àwa èèyàn wa kì í fẹ́ pe ohun iyebíye lórúkọ. Mo rí obìnrin tó rì wúrà sínú agolo mílíìkì, tó ní kí n kọ "mílíìkì". Mo rí pásítọ̀ tó fi kọ̀ǹpútà sáàárín ìrẹsì. Ojú ayé ni wọ́n ń sá fún, àwọn olè, àwọn aṣọ́bodè, àwọn àna. Bí mo bá sì ti na fọ́ọ̀mù ìdójútòfò sí wọn, tí wọ́n dé ibi tó ti ń bèèrè pé èló ni kí a san bí ẹrù yìí bá sọnù, wọn yóò fi bírò sílẹ̀ kíá. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Aunty, ẹ gba ìwé yín. Ẹrù mi ò ní sọnù." Àlàájà á ní, "Èmi náà ò gbàdúrà kó sọnù. Iye rẹ̀ ni mo bi yín." Ẹni tó bá kọ̀, yóò ní kí ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.

Àwọn ohun èlò wa yí padà lójú mi. Ìwé alẹ́pọ̀ mẹ́ta, tí a ń fi kábọ́ǹnù sáàárín rẹ̀, la kọ́kọ́ ń lò, àti òṣùwọ̀n tí a ń gbé kọ́ sókè. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé, àti ìwé alẹ̀mọ́ onílà dúdú tí iná pupa ń kà. Oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í rí ibi tí ẹrù rẹ̀ dé lórí fóònù. Ẹ ó rò pé ìyẹn yóò dín ẹ̀rù mi kù. Ó dá kún un ni. Láyé àtijọ́, bí ẹrù bá ti lọ, mo lè sọ fún ara mi pé ó wà lójú ọ̀nà. Ní báyìí, fóònù ń sọ ibi tó dúró sí fún mi, kò sì sọ ohun tó dá a dúró.

Ọdún tí Àlàájà tún lọ sí Mẹ́kà, tó kó kọ́kọ́rọ́ fún mi, ni mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Uncle Gàní jẹ́ oníbàárà wa tipẹ́. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ló ń wà, Aylesbury Estate ló ń gbé. Ó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú báàgì dúdú gígùn kan, ó wo ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn, ó tú u. Ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún àtọwọ́dá, láti ìsàlẹ̀ orúnkún, pẹ̀lú bàtà dúdú àti ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀ sí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ni ín. Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè é ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwé aládàáni kan ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré. Ọ̀kadà ló kọ lù ú, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Gàní mú un wá sí London, ilé ìwòsàn kan wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ṣe èyí fún un, ṣùgbọ́n ó ń bó o lára. Kí wọ́n tó tún un ṣe tán, ọjọ́ tí wọ́n fún un láti lò nílùú yìí ti pé, ó ti padà sílé pẹ̀lú ọ̀pá méjì lábẹ́ abíyá. Ẹni tó ni ilé ìwé sì ti sọ ọ́ fún un: ọjọ́ ìwọlé ku ọ̀sẹ̀ méjì, bí kò bá lè dúró níwájú kíláàsì lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn ni yóò gba kíláàsì.

Àwọn akẹ́rù tí a ń lò, ọjọ́ méjìlá ni wọ́n ń gbà. Wọ́n fẹ́ orúkọ ohun náà gan-an, iye rẹ̀, àti lẹ́tà láti ilé ìwòsàn, lẹ́tà náà yóò sì gba ọjọ́ mẹ́ta. Uncle Gàní ti gbọ́ nípa àwọn kan ní Catford tó ń dé Lagos lọ́jọ́ márùn-ún, tí kì í béèrè nǹkan kan.

"Aunty Fúnmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ẹsẹ̀ o. Ẹ kọ clothes."

"Uncle Gàní, ẹsẹ̀ mà ni."

"Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni! Ẹ wò ó, ẹ̀yin náà mọ àwọn èèyàn wa. Tí wọ́n bá ti rí ẹsẹ̀ lórí form, wọ́n á ní ritual ni. Customs á seize ẹ̀. Kí gbogbo àwọn tó ń gbé load wá máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́? Rárá o."

"Insurance ńkọ́?"

"Kí n wá fi ọwọ́ ara mi kọ iye tí wọ́n máa san tó bá sọnù? Ṣé mi ò ti pè é nìyẹn? Á dé láyọ̀, in shā Allāh. Ẹ ṣàmín, Aunty."

Mo ṣàmín.

Mo fi ìró mẹ́fà wé e. Mo kó aṣọ lé e lórí, mo mì ín, kò sọ̀rọ̀. N kò lọ wo ilé ìkẹ́rùsí wọn ní Catford. Mo kàn tẹ̀ wọ́n láago, ọkùnrin kan fi ohùn dídùn dá mi lóhùn, mo ní ó dára. Mo mú bírò, mo kọ "aṣọ àlòkù".

Ọjọ́ karùn-ún pé, fóònù ní ó ti dé Lagos. Ọjọ́ keje, ó ní ó ti dé Lagos. Ọjọ́ kẹwàá, ọ̀rọ̀ kan náà. Mo ń pe Catford, ó ń dún, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Nígbà tó yá, kò dún mọ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ bá wọn. Wọ́n ti fa irin bo iwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo bẹ̀rẹ̀, mo yọjú gba ihò tí wọ́n ń ju lẹ́tà sí, mo rí àpò ìwé rẹpẹtẹ nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣà. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyá òyìnbó kan tó ń kọjá bi mí bóyá kó pe áḿbúláǹsì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ti jà pẹ̀lú ẹni tó ń gba ẹrù fún wọn ní Lagos, ìyẹn sì ti gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo ẹrù. Uncle Gàní rán ìbátan rẹ̀ kan lọ síbẹ̀. Ọmọkùnrin náà pè wá láti inú ilé ìkẹ́rùsí ọ̀hún, èmi àti Uncle Gàní jọ gbé fóònù sórí káńtà. Ó ní páálí tí wọ́n kọ kọ̀ǹpútà sí wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ ẹ̀rọ ìránṣọ sí wà níbẹ̀, wọ́n ní kí olówó rẹ̀ mú ìwé wá. "Uncle, gbogbo èyí tí wọ́n kọ aṣọ sí, wọ́n ti tà á fún àwọn olókìrìkà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní aṣọ ò tó nǹkan tí wọ́n máa fi space pa mọ́."

Uncle Gàní jókòó sórí páálí kan. Kò bú mi. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí. Ẹnìkan níbì kan ní Lagos ti tú ìró mẹ́fà, ó sì ti bá ẹsẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni nínú rẹ̀, n kò sì mọ ohun tó fi ṣe. Mo ń ronú rẹ̀ títí di òní. A kọ̀wé fún ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò tí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ń san owó fún, pé ẹsẹ̀ ló wà nínú páálí. Wọ́n ní àwọn rí aṣọ àlòkù lórí ìwé, owó aṣọ àlòkù ni àwọn sì máa san.

Ọjọ́ kejì ìwọlé ilé ìwé, Tíṣà fúnra rẹ̀ pè mí. Mo wo nọ́ńbà Nàìjíríà náà títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ kí n tó gbé e.

"Ṣé Aunty Fúnmi ni?"

"Èmi ni, Mà."

"Mi ò pè láti bá yín jà. Nǹkan kan ni mo fẹ́ bi yín. Kí lẹ kọ sí i lára?"

"Aṣọ àlòkù, Mà."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kọ ọ́?"

Uncle Gàní wà níwájú mi, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Mo ní, "Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́, Mà."

"Ojú ò tì mí o," ó ní. "Mo wọ̀ ọ́ jáde ní London, mo wọ̀ ọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀yin ni ẹsẹ̀ mi ń tì lójú." Ó gbé fóònù sílẹ̀. Wọ́n ti fún ọmọbìnrin kan ní kíláàsì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìwọlé.

Nígbà tí Àlàájà dé, n kò jẹ́ kó tíì bọ́ bàtà tí mo fi kà á fún un. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, n kò sì ní agbára ogún ọdún. Mo rò pé yóò lé mi. Ó ní kí n mú ẹ̀dà ìwé náà wá, kí n kà á sókè. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Nígbà tó yá ó ní, "Fúnmi, gbogbo ìbẹ̀rù tó o ń bẹ̀rù káàkiri yìí, ọjọ́ tó yẹ kó o bẹ̀rù gan-an, àmín lo ṣe." Kò tún sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú. Kò nílò láti sọ ọ́.

Ilé ìwòsàn ṣì ní àwòṣe ẹsẹ̀ Tíṣà lọ́wọ́. Uncle Gàní gba shift kún shift, èmi náà ṣe tèmi, oṣù méje lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ mìíràn jáde. Àwọn akẹ́rù wa àtijọ́ ti ta iṣẹ́ wọn fún ẹlòmíràn, mo ní láti tún yan tuntun. Mo rìn dé ilé ìkẹ́rùsí mẹ́ta, mo bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Àkọ́kọ́, ìsàlẹ̀ wó. Èkejì, ẹni tí wọ́n ní ó ń gba ẹrù fún wọn ní Lagos kò mọ orúkọ wọn. Ẹ̀kẹta dára, ṣùgbọ́n mo ka ẹ̀yìn ìwé wọn, mo rí i pé wọn kò ní san owó lórí ohunkóhun tí wọ́n bá ti lò rí. Tíṣà kò tíì wọ ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀ àtijọ́ kan tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Uncle Gàní wà lára rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹsẹ̀ tuntun ni.

Ọmọ tó wà lórí káńtà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, rẹ́rìn-ín. "Aunty, it's calm, trust me. Ó máa dé. Ẹ ń worry too much, innit."

"Kì í ṣe calm, ọmọ mi. Kọ ọ́."

Ó kọ ọ́.

Mo kọ ẸSẸ̀ ÀTỌWỌ́DÁ sára páálí náà ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, gàdàgbà-gadagba. Mo fi lẹ́tà ilé ìwòsàn síta, mo fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú. Mo ya fọ́tò rẹ̀ kí n tó dì í. Mo wá na fọ́ọ̀mù ìdójútòfò sí Uncle Gàní, mo ní òun ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye rẹ̀. Ó di bírò mú, ó ń ka àdúrà lábẹ́nu, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ pé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ wọṣẹ́ yìí, ohun tí mo ní fún yín nìyẹn. Ẹ̀rọ yóò máa yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sídìí káńtà ni yóò máa bá oníbàárà jà kó lè sọ òtítọ́. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù. Ẹ gbàdúrà o, èmi náà ń gbà á. Ẹ kàn kọ iye rẹ̀ kí ẹ tó ṣàmín.

Ọjọ́ kẹjọ, páálí náà dúró lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè. N kò lè jẹun. Ọjọ́ kẹsàn-án, ó ṣì wà níbẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn Uncle Gàní létí mi: ritual, wọ́n á seize ẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá, ọkùnrin aṣọ́bodè kan tú u, ó ka lẹ́tà, ó rí nọ́ńbà fóònù, ó pe Ògbómọ̀ṣọ́. Tíṣà sọ fún Uncle Gàní pé ohun tí ọkùnrin náà sọ kò ju pé, "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹsẹ̀ yín ti dé, a ti ń fi í ránṣẹ́ bọ̀."

N kò gbọ́ ohùn Tíṣà fúnra rẹ̀ títí sáà mìíràn fi bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé mìíràn ló ti rí iṣẹ́. Ó pè mí lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ sílé. Kò kí mi pẹ́. Ó ní, "Mò ń gbé fóònù sórí fèrèsé. Ẹ dúró, ẹ máa gbọ́."

Mo dúró láàárín àwọn páálí. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ọ̀kan ń rọ̀, ọ̀kan ń le, ó ń lọ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé náà. Ó kọ́kọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Ìdùnnú bò mí, àyà mi sì tún já lẹ́ẹ̀kan náà, mo ń ronú omi tí àwọn ọmọ máa ń dà sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo pariwo sínú fóònù, gbogbo oníbàárà yíjú wò mí, "Tíṣà, ẹ rọra o! Ẹ rọra!"

Kò gbọ́ mi. Ó ti rìn jìnnà.